Èje Tó Wà Nísàlẹ̀ Káàdì

Káàdì náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà nínú ọ̀rá ẹ̀rí, Ọjọ́bọ̀ sì lòní, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá. Ìsípẹ́kítọ̀ obìnrin tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Kílóṣẹ́kù gbé e sójú fèrèsé, ó tún kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ilé ìwòsàn wà lókè pẹ̀lú lẹ́tà pupa. Orúkọ aláìsàn wà níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀, òògùn tí dókítà ní kí wọ́n fún un náà wà níbẹ̀: pẹnisílíìnì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lábẹ́ òògùn, àyè funfun kan wà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní igun, nọ́ńbà èje kan dá dúró láìní àkọlé.

Àyè funfun yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ara Bàbá Àga, káfíńtà tó kan gbogbo bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn náà, kò gba pẹnisílíìnì. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pé kò gbà á. Ìkìlọ̀ yẹn ló yẹ kó jáde sínú àyè funfun náà pẹ̀lú lẹ́tà pupa, kí apòògùn lè rí i. Apòògùn fún un ní òògùn. Kóró kan ṣoṣo ni bàbá lò tí ọ̀fun rẹ̀ fi wú, tí èémí há mọ́ ọn láyà, láti ìgbà náà kò sì tíì lajú.

"Àwọn ará ilé ìwòsàn ní ayédèrú ni káàdì yìí," Kílóṣẹ́kù sọ fún obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ rí ìkìlọ̀ lórí èyí tòótọ́, ẹ gbójú fò ó. Nígbà tí nǹkan wá bàjẹ́, ẹ tẹ òmíràn, ẹ yọ ìkìlọ̀ kúrò nínú ẹ̀."

Apòògùn náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, opó ni, kò sì pariwo láti ìgbà tí wọ́n ti mú un dé.

"Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan nínú kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá. Bọ́tìnì kan ni wọ́n fi hàn mí. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, káàdì á jáde. Ohun tó bá jáde ni mò ń tẹ̀ lé."

"Àbí ẹ gbàgbé ni? Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé."

"Mo ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tí mo bá rí ìkìlọ̀, mi ò ní gbàgbé."

Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́jọ́ Ajé náà nìyẹn: Mo wo káàdì. Kò sí ìkìlọ̀ níbẹ̀. Ìwé náà wà nínú fáìlì, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kàn án. Nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá, ohun tí afurasí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò sí ọlọ́pàá tó gbọ́dọ̀ fi bírò kàn án, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà. Bó bá sì dé iwájú adájọ́, ọwọ́ afurasí ló máa ń borí ọwọ́ ọlọ́pàá, èyí tó bá sì kọ kẹ́yìn ló máa ń borí tàkọ́kọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Kílóṣẹ́kù ti fi pa òfin yìí mọ́, kò sì rú u rí.

Ó wá béèrè ìbéèrè tó sọ ọ́ lórúkọ, èyí tó máa ń béèrè nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti sọ tẹnu wọn tán, tí wọ́n ti ń wá bàtà wọn.

"Kí ló ṣẹ́kù, Màmá?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹ́kù."

"Èje tó wà nísàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń jáde. Ti ẹlòmíì a máa jẹ́ mẹ́ta, ti ẹlòmíì mọ́kànlá. Mo rò pé wèrè ẹ̀rọ ni."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà níbí yìí, èje gan-an ni, Kílóṣẹ́kù kò sì rí ohun tó lè fi í ṣe. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀ kó má baà dà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan kọ.

Fóònù dún. Ọ̀gá Àgbà ọlọ́pàá ni.

"Aago mẹ́rin ni ìwé ìwádìí yẹn gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì mi. Màá rán awakọ̀ mi wá gbà á. Tí kò bá sí nǹkan tuntun, obìnrin yẹn ń lọ sílé ẹjọ́ lọ́la."

"Ẹ fún mi títí di ọ̀la, sà."

"Aago mẹ́rin," ó ní, ó sì pa fóònù.

*

Ọ̀gá ilé ìwòsàn jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yá láti parí ọ̀rọ̀ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ti pàdé Kílóṣẹ́kù, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"A ti ṣe ìwádìí tiwa, Ìsípẹ́kítọ̀. Ìwé wa mọ́. Ẹ̀rọ wa pé. Ènìyàn ló ṣe é."

"Ènìyàn náà ló ṣe ẹ̀rọ, sà."

Ọ̀gá náà tún wo aago rẹ̀, ó ń lọ. Bóyá kò tiẹ̀ gbọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì, ọmọbìnrin Bàbá Àga jókòó. Ó di pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ kan mú, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń fi há etí. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ó ní. "Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣe é?"

"À ń wá a, ọmọ mi."

"Bàbá mi ló kan bẹ́ǹṣì yìí. Kò sí ibi kan nínú ilé ìwòsàn yìí tí mo lè jókòó sí tí kì í ṣe àwọn ló kàn án."

Kílóṣẹ́kù wo pẹ́ńsùlù náà. Ó fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká, ó kọjá lọ. Inú bí i sí ara rẹ̀ nítorí ọwọ́ lásán tó fi kàn án yẹn.

Yàrá kọ̀ǹpútà kò ní fèrèsé. Ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì, orí rẹ̀ ti ń pá, fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà lára ògiri lókè ẹ̀rọ. Ó fún Ìsípẹ́kítọ̀ ní àga, òun fúnra rẹ̀ dúró.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹ ó ṣe ṣàlàyé fún ìyá yín," Kílóṣẹ́kù ní. "Èmi ò mọ̀ ju kí n fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà lọ."

"Ó dáa, mà. Àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, XML là ń pè é. Àpótí inú àpótí ni. Gbogbo nǹkan ló ní àpótí tiẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan sì ní àkọlé: àpótí orúkọ, àpótí òògùn, àpótí ìkìlọ̀. Àpótí ò mọ bó ṣe máa jáde sórí bébà. Ìwé ìlànà ló máa sọ ọ́. Òfin ló kún inú ìwé ìlànà. Òfin kan á ní, tí o bá ti kan àpótí orúkọ, tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Òmíì á ní, tí o bá kan àpótí òògùn, kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ á máa rìn láti àpótí dé àpótí, á máa wá òfin tó bá a mu."

"Ta ló kọ òfin àpótí ìkìlọ̀?"

"Èmi ni. Lọ́jọ́ Ẹtì. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ara aláìsàn kò gbà ní àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀gá wa wá ní ká kó gbogbo ìkìlọ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo. Mo kó o, mo sì kọ òfin tuntun fún un. Ẹ wò ó."

Ó tẹ nǹkan. Káàdì Bàbá Àga jáde lójú kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ òògùn, ó pupa bí ata: ARA RẸ̀ KÒ GBA PẸNISÍLÍÌNÌ.

Kò sí ibi tí kò ti hàn. Afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Kílóṣẹ́kù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fẹ́ràn apòògùn náà láì fẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn sì ni àṣìṣe tí wọ́n kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún ọlọ́pàá nípa rẹ̀.

"Ohun tí ẹ fi han àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ìwòsàn nìyí?"

"Ohun náà ni, mà."

"Ẹ jẹ́ ká lọ tẹ ọ̀kan ní ibi tí màmá yẹn ti ń tẹ̀ ẹ́."

*

Ìdí káńtà ilé òògùn ni wọ́n lọ. Àga apòògùn ṣófo, ìrọ̀rí kékeré rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Bàbá Ìbejì yí ojú kúrò lára ìrọ̀rí náà, ó wá àkọsílẹ̀ Bàbá Àga jáde, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ó pọ káàdì jáde.

Lábẹ́ òògùn, àyè funfun. Ní igun ìsàlẹ̀, èje.

Àwọn méjèèjì wo káàdì náà. Bàbá Ìbejì tún un tẹ̀. Àyè funfun ló tún jáde.

"Kò ṣeé ṣe," ó ní.

"Ó ti ṣeé ṣe. Ó wà lọ́wọ́ yín."

"Bóyá yíǹkì pupa ló tán."

Kílóṣẹ́kù fi èékánná kan orúkọ ilé ìwòsàn lókè káàdì. Pupa ni, ó sì ń dán. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orí. Káàdì inú ọ̀rá ẹ̀rí kì í ṣe ayédèrú nígbà náà, Kílóṣẹ́kù sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ṣe wèrè ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn ilé ìwòsàn á ní ọjọ́ Ajé, orí rẹ̀ pé. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀, aago méjìlá sì ti kọjá.

Wọ́n padà sí yàrá tí kò ní fèrèsé. Bàbá Ìbejì jókòó, ó ń làágùn. Ó ní bóyá òfin òun kò bá àpótí mu. Ó wo àkọlé àpótí, ó wo òfin, wọ́n bára mu rẹ́gí. Ó ní bóyá òfin òun kò lágbára tó. Ó ní èèyàn lè fún òfin ní nọ́ńbà, tí òfin méjì bá ń jà lórí àpótí kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ló máa borí. Ó fún tirẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Ó sáré lọ sí ilé òògùn, ó sáré padà, káàdì funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún un ní ẹgbẹ̀rún. Ó tún sáré. Káàdì mìíràn, funfun. Aago kan lù.

Kílóṣẹ́kù jókòó, ó ń wò ó. Kò sí ohun tó lè bá a ṣe. Nínú gbogbo ọ̀ràn tó ti ṣe rí, ó kéré tán, ó lè di ẹnì kan lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ta ni yóò di lọ́rùn ẹ̀wù mú níbí? Ó kó àwọn káàdì funfun náà jọ, mẹ́rin ni wọ́n, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Èje, èje, èje.

"Kí ni èje yìí?"

"Ẹ má dá ìyẹn lóhùn, mà. Kò kan ọ̀rọ̀ wa."

"Ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sanwó fún mi láti béèrè."

Ó mí kanlẹ̀. "Iye ìgbà tí aláìsàn ti wá ni. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi àpótí rẹ̀ sí i. Mi ò tíì kọ òfin kankan fún un. Àpótí tí kò bá ní òfin, ẹ̀rọ kì í fò ó. Ṣe ló máa kàn da ohun tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀ sórí bébà bó ṣe rí, láìní àkọlé, láìní àwọ̀. Bàbá Àga ti wá lẹ́ẹ̀méje. Ìyẹn nìkan ni."

Kílóṣẹ́kù fi ìka tẹ èje kan lórí tábìlì.

"Ẹ tún un sọ."

"Mo ní àpótí tí kò ní òfin, ẹ̀rọ á da inú ẹ̀ sílẹ̀."

"Tó bá wá jẹ́ pé òfin tiyín kò dé ibi àpótí ìkìlọ̀, tí ẹ̀rọ kò rí i, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀?"

"Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀..." Ó dúró.

"Ó yẹ kó dà sílẹ̀," Kílóṣẹ́kù bá a parí rẹ̀. "Ní dúdú, láìní àwọ̀, bíi ti èje. Màmá yẹn ì bá rí i. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àpótí tí ẹnikẹ́ni kò bá wí fún, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀. Èyí tó dákẹ́, ẹnì kan ló ní kó dákẹ́. Bàbá Ìbejì, lẹ́yìn yín, ta ló tún ń bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà wo fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀. 

"Tíṣà," ó ní.

*

Tíṣà ló kọ ìwé ìlànà àkọ́kọ́, kí ilé ìwòsàn náà tó ní ju kọ̀ǹpútà mẹ́ta lọ. Òun ló kọ́ Bàbá Ìbejì níṣẹ́, òun ló kọ́ gbogbo wọn. Ó ti kú láti ọdún méjì. Kó tó kú ló ti fi ìlà kan sí òkè ìwé rẹ̀ tó ń pe ìwé mìíràn wọlé, ó sọ ọ́ ní Ìwé Àbúrò, ó ní ibẹ̀ ni kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa kọ tiwọn sí. Ibẹ̀ ni Bàbá Ìbejì kọ òfin ìkìlọ̀ sí. Lórí tábìlì rẹ̀, Ìwé Àbúrò nìkan ló fi dán an wò. Ní ilé òògùn, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò ṣí ìwé Tíṣà láti ọjọ́ Ajé?"

"A kì í ṣí i, mà. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ wá níbi ìsìnkú. Ó ní ọkọ òun ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tóun kọ. Gbogbo wa la jẹ́jẹ̀ẹ́."

"Níbo ni mo ti lè rí ìyàwó yẹn?"

Bàbá Ìbejì wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ tì í mọ́lé, Ọ̀gá."

Kílóṣẹ́kù mú àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ ṣí i."

Ọkùnrin náà ṣí i. Ìwé náà gùn, ó sì mọ́ tónítóní, òfin kọ̀ọ̀kan ní àlàyé díẹ̀ lórí rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Ní nǹkan bí àárín rẹ̀, wọ́n rí i. Òfin fún àpótí ìkìlọ̀. Ìlà kan péré ni, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀: tí o bá kan àpótí yìí, má ṣe nǹkan kan. Àlàyé tó wà lórí rẹ̀ kà báyìí: Aláìsàn kan ka ohun tí dókítà kọ nípa rẹ̀ lónìí, ó sunkún níwájú gbogbo èèyàn. Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni mọ́ báyìí.

"Ayé ìgbà yẹn," Bàbá Ìbejì sọ jẹ́jẹ́, "ọ̀rọ̀ àwọn dókítà láàrin ara wọn ló ń wà nínú àpótí ìkìlọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé eléyìí máa ń purọ́, eléyìí orí rẹ̀ ò pé. Tíṣà pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo wá kó ohun tí ara kọ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì..."

"Ẹ sì fún tiyín ní ẹgbẹ̀rún."

"Láàrin àwa àbúrò ni ẹgbẹ̀rún ti wúlò, mà. Ìwé Tíṣà ló pe ìwé wa wọlé. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ béèrè pé ìran wo lo ti wá, kó tó béèrè ọjọ́ orí rẹ. Bí ìwé tó peni wọlé bá ti sọ̀rọ̀ lórí àpótí kan, tiwa ti dòfo nìyẹn, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù. Àwọn òfin wa yòókù ń ṣiṣẹ́ nítorí pé Tíṣà kò sọ nǹkan kan nípa tiwọn." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo mọ̀ ọ́n, mà. Òun ló kọ́ mi. Mi ò kàn rò pé ó ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì kan dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n sọ fún Ìsípẹ́kítọ̀. Bàbá Àga ti dákẹ́. Kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú."

Nọ́ọ̀sì náà padà lọ. Nígbà tó yá, Kílóṣẹ́kù ní kí Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ tẹ ojú ìwé yẹn jáde fún ẹ̀rí, lẹ́yìn náà kó yọ ìlà náà. Ọkùnrin náà ṣe ohun tó ní kó ṣe. Wọ́n lọ sí ilé òògùn, wọ́n tẹ bọ́tìnì, ìkìlọ̀ sì jáde lábẹ́ òògùn, ó pupa. Láti ọjọ́ Ẹtì, àwọn aláìsàn mẹ́rin mìíràn ló yẹ kí wọ́n gba káàdì onípupa. Bàbá Ìbejì fi fóònù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìdúró, òògùn tí gbogbo wọn gbà kò sì lè pa wọ́n lára. Ìyẹn nìkan ni ìròyìn rere tó wà nínú ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin Bàbá Àga ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Kílóṣẹ́kù gba ẹ̀yìn ilé jáde.

*

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ló padà dé àgọ́. Ó ní kí wọ́n gbé tíì fún apòògùn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò iwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí èje dé orí ikú. Ó gbé ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde náà lé e lọ́wọ́.

Obìnrin náà kà á, ó tún un kà. Ó fi ìka tọ ìlà àlàyé náà.

"Báyìí ló máa ń sọ̀rọ̀. 'Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni mọ́ báyìí.' Ọjọ́ tó kọ èyí, kò lè jẹun alẹ́."

"Ọwọ́ yín mọ́, Màmá. Ẹ ń lọ sílé lónìí."

"Tíṣà kò sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

Kílóṣẹ́kù yíjú sí i.

"Lórí bẹ́ẹ̀dì, kó tó lọ, ó ní kí n sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n tú ìwé náà palẹ̀, kí wọ́n kọ òmíì. Ó ní nǹkan pọ̀ níbẹ̀ tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Èmi ni mo yí i padà." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Tí mo bá tẹ bọ́tìnì yẹn láàárọ̀, òun ló ń dá mi lóhùn. Mo ní tí wọ́n bá tú u palẹ̀, kí ló kù fún mi. Mo fi ẹnu òkú purọ́ nítorí bọ́tìnì."

"Òfin ò mọ irú ẹ̀bi yẹn."

"Ẹ kọ èyí tí òfin mọ̀ nígbà náà. Ẹ kọ ọ́ pé mo rí ìkìlọ̀, mo gbójú fò ó."

"Mi ò lè kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀."

"Tí ẹ bá kọ èyí tó ṣẹlẹ̀, orúkọ Tíṣà ni wọ́n á máa pè nílé ẹjọ́. Ọmọ Bàbá Àga á máa ṣépè fún un. Kò sì sí níbẹ̀ tó fi máa sọ pé òun ní kí wọ́n tú u palẹ̀."

"Ẹ̀yin lè sọ ọ́."

"Ta ló máa gba èmi gbọ́? Wọ́n á ní opó ń gbèjà ọkọ ẹ̀."

Kílóṣẹ́kù wo aago. Ó fa ìwé sún mọ́ra, ó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: èje, àyè funfun, Ìwé Àbúrò, ìlà kan tó sọ fún ẹ̀rọ pé kó dákẹ́. Ó kọ ọ́ pé apòògùn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojú ìwé méjì ni. Kò kọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Ó ti ìwé àti bírò síwájú apòògùn náà, nítorí afurasí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

"Ẹ fọwọ́ sí i níbí, kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Apòògùn wọ gíláàsì rẹ̀. Ó pẹ́ lórí ìwé ju bí èèyàn ṣe ń pẹ́ lórí ìbuwọ́lù lọ. Nígbà tó dá a padà, ìlà mẹ́ta wà lábẹ́ ohun tí Ìsípẹ́kítọ̀ kọ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ọwọ́ àwọn tó ń kọ orúkọ sára ìgò òògùn:

Irọ́ ni ohun tó wà lókè. Mo rí ìkìlọ̀. Mo gbójú fò ó.

Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ni ó kọ tẹ̀ lé e.

Kílóṣẹ́kù dìde. Ó gbé bírò, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó ní àwọn káàdì, ó ní ojú ìwé Tíṣà, ó lè pe Bàbá Ìbejì wá sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó ti wà níwájú àwọn adájọ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó mọ ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí, ó mọ ọwọ́ tó ń borí ọwọ́. Ìlà mẹ́ta ni. Bírò rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò sì lè fi kàn án.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. Kò mọ ìgbà tí òun bẹ afurasí kẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìwé mìíì."

"Rárá, Ọ̀gá. Ó ti tó."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Awakọ̀ Ọ̀gá Àgbà ni, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó kí wọn, ó na ọwọ́, ó ń dúró. Kílóṣẹ́kù kó gbogbo káàdì náà pọ̀ mọ́ ìwé, ó fi píìnì so wọ́n pọ̀, ìwé apòògùn sì wà lókè nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ní kó wà. Awakọ̀ gbà á, ó lọ. Wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń jáde.

Apòògùn fọwọ́ kan tíì rẹ̀. Ó ti tutù.

"Nígbà tí wọ́n yọ ìlà yẹn tán," ó béèrè, "ṣé ẹ tẹ káàdì kan wò?"

"A tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ìkìlọ̀ jáde?"

"Ó jáde."

"Ṣé ó pupa?"

"Ó pupa, Màmá."

"Ó dáa," ó ní, ó sì mu tíì náà bẹ́ẹ̀ ní tútù.